Ooru Méjì Lábẹ́ Itan Kan: Bí A Ṣe Ń Dín Ooru Ẹ́ńjìnì àti Ooru Èéfín Kù Lórí Báìkì Ọ̀nà Jíjìn

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin oníbáìkì. Ẹ kú ìdúró, ẹ̀yin mẹkáníìkì tó wà lẹ́yìn. Ẹ̀yin gan-an lẹ máa jẹ́rìí sí apá tó pọ̀ jù nínú ohun tí a fẹ́ sọ.

Ooru tó ń jó èèyàn nítan lórí páwà báìkì la wá sọ̀rọ̀ lé lórí. Ká tó mẹ́nu ba irinṣẹ́ kankan, ohun kan wà tó yẹ ká kọ́kọ́ là sọ́tọ̀, torí ibẹ̀ lowó ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣòfò. Ooru méjì ló wà lórí báìkì. Ọ̀kan ń ba ẹ́ńjìnì jẹ́: ó ń sun ọ́ìlì, ó ń jó gásíkẹ́ẹ̀tì, ó ń mú kí epo bú gbàmù nínú sílíńdà lásìkò tí kò yẹ. Èkejì ń jó ẹni tó jókòó sórí rẹ̀. Orísun kan náà ni wọ́n ti wá, àmọ́ oògùn wọn yàtọ̀. Ẹni tó wé aṣọ ooru mọ́ páìpù ti gba ojúgun rẹ̀ là, ẹ́ńjìnì ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ṣe nǹkan kan. Ẹni tó ra kúlà ọ́ìlì olówó gọbọi ti ṣe ẹ́ńjìnì lóore, itan rẹ̀ á ṣì máa jó. Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó ń dà yín láàmú kí ẹ tó tú àpò.

Epo tí ẹ ń rà, bí ẹ bá pín agbára rẹ̀ sí mẹ́ta, bí ìdá kan péré ló ń yí táyà. Ìdá kan ń bá èéfín jáde. Ìdá kan tó kù ń gba ara bulọ́ọ̀kù, ọ́ìlì, tàbí omi rẹdiétọ̀ sá lọ. Ẹ wá fi ẹ́ńjìnì tó ju 1,500 cc lọ sáàárín itan méjèèjì, ẹ fi ike ńlá bo iwájú rẹ̀, ẹ gbé àpótí ẹrù sí ẹ̀yìn, kí ẹ sì dá a dúró sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ní ọ̀sán gangan. Ooru náà ò ní ibòmíì tó máa gbà ju ara yín lọ. Kò sì dìgbà tí irin bá pọ́n kó tó ṣe èèyàn léṣe: 44°C péré, tó bá kan ara fún bíi wákàtí mẹ́fà láìkúrò, lè sun awọ.

Harley-Davidson ti ọ̀nà jíjìn la máa fi ṣe àpẹẹrẹ, àwọn bíi Road King, Electra Glide àti Street Glide, torí pé atẹ́gùn ni wọ́n gbójú lé, ohun gbogbo sì hàn gbangba lára wọn. Ẹ́ńjìnì Twin Cam 96 tó bọ́ sórí wọn ní 2007 jẹ́ 1,584 cc. Ti 103 tó tẹ̀ lé e jẹ́ 1,690 cc. Sílíńdà méjì tó ya bí ẹ̀ka igi ni, ìwọ̀n igun àárín wọn sì jẹ́ 45. Ti iwájú ló ń gba atẹ́gùn tútù. Atẹ́gùn tó ti gbóná lára ti iwájú ló ń kan ti ẹ̀yìn. Ti ẹ̀yìn yìí ló sì wà lábẹ́ itan. Ní 2010, ilé iṣẹ́ náà fi kátálíìsì sínú páìpù níbi tí ọrùn méjèèjì ti pàdé lápá ọ̀tún, kí èéfín lè bá òfin mu. Iṣẹ́ kátálíìsì ni láti sun ìyókù epo tí ẹ́ńjìnì kò sun tán, iṣẹ́ yẹn fúnra rẹ̀ sì ń da ooru sílẹ̀. Ìdí rèé tí ẹsẹ̀ ọ̀tún fi ń ké ju ti òsì lọ.

Ẹ wo ohun tí àwọn tó ṣe é ṣe nígbà tí igbe pọ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnì tuntun wọn, Milwaukee-Eight, dé fún báìkì ọdún 2017, wọ́n yí ọ̀nà páìpù ẹ̀yìn padà kó lè jìnnà sí ẹsẹ̀, wọ́n sún kátálíìsì sẹ́yìn, wọ́n sì dín sílò, ìyẹn bí ẹ́ńjìnì ṣe ń yí nígbà tí báìkì bá dúró lójú kan, kù láti ìgbà 1,000 sí 850 ní ìṣẹ́jú kan, torí bí iná bá ṣe ń ṣẹ́ níwọ̀nba tó ni ooru ṣe ń wá níwọ̀nba. Àwọn oníṣẹ́ Japan náà ti rìn ín bẹ́ẹ̀. Yamaha FJR1300, báìkì olómi (èyí tí omi rẹdiétọ̀ ń mú ẹ́ńjìnì rẹ̀ tutù) tí gbogbo ayé mọ̀ sí ajóni-lẹ́sẹ̀, gba ike ìbora tuntun ní 2006 kí atẹ́gùn gbígbóná lè gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Kawasaki Concours 14 gba irú rẹ̀ ní 2010. Omi tó wà nínú rẹdiétọ̀ wọn ò gbóná ju bó ṣe yẹ lọ tẹ́lẹ̀. Ibi tí rẹdiétọ̀ ń tú ooru sí ló kù díẹ̀ káàtó.

Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó wò ó sàn. Ẹ ra tẹ̀mómítà oníbọn, èyí tó lè ka ooru dé 500°C. Èyí tí wọ́n fi ń yẹ iwájú orí wò nígbà kòrónà ò wúlò níbí. Kì í ka kọjá bíi 43°C. Ẹ ṣọ́ra fún ohun tó ń dán: bí ẹ bá yìn ín sí kúróòmù, ó lè sọ 90°C fún yín nígbà tí irin náà ti kọjá 200°C, torí dídán yẹn ló ń tàn án jẹ. Ara irin dúdú tí kò dán ni kí ẹ máa yìn ín sí, bíi ìdí ìyẹ́ sílíńdà níbi ihò èéfín, tàbí kí ẹ fi ọ̀dà dúdú tó ń gba ooru kan ojú kan bíi kọ́bọ̀ sára páìpù. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú lójú ọ̀nà, ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tó bá ti dúró ní sílò fún ìṣẹ́jú 5, ẹ sì kọ méjèèjì sílẹ̀. Fún ọ́ìlì, ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì tó ní gééjì ooru lórí wà lọ́jà. Bó bá ń sọ láti 93 sí 110°C, ọkàn yín balẹ̀. Bó bá ń kọjá 120°C lemọ́lemọ́, ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ ló ń ké, ẹ fi ọ̀rọ̀ itan sílẹ̀ ná. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ wá ni àṣìṣe, torí àṣìṣe ò ní kí ẹ ra nǹkan ńlá. Rọ́bà tó wà láàárín íńtéèkì (páìpù tí atẹ́gùn ń gbà wọ ẹ́ńjìnì) àti orí sílíńdà máa ń gbó. Bó bá ti jò, atẹ́gùn tí kọ̀ǹpútà kò kà á wọlé, epo á kéré sí atẹ́gùn, orí sílíńdà á gbóná. Ẹ máa rí i pé sílò rẹ̀ ń ròkè ń rodò, ó sì ń sín ní ẹnu íńtéèkì. Láti mọ̀ ọ́n dájú, ẹ tan ẹ́ńjìnì nígbà tó ṣì tutù, kí páìpù tó gbóná, ẹ fọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ nínú oògùn tí wọ́n fi ń fọ kabúrétọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rọ́bà náà. Bí ìró ẹ́ńjìnì bá yí padà, ó ń jò. Ẹ má ṣe é lórí páìpù gbígbóná. Iná ni o. Púlọ́ọ̀gì tí kò ṣẹ́ná dáadáa tún burú jùyẹn lọ fún báìkì oní-kátálíìsì: epo tútù á lọ jóná nínú kátálíìsì, ìsàlẹ̀ báìkì á pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ lálẹ́. Bí ẹ bá rí i tó pọ́n bẹ́ẹ̀, ẹ má wulẹ̀ ronú aṣọ ooru. Ẹ yẹ púlọ́ọ̀gì, wáyà rẹ̀ àti kọ́ìlì wò.

Ọ̀rọ̀ epo nípọn, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ìwé Twin Cam ní kí ẹ lo epo 91. Nọ́ńbà yìí ni òṣùwọ̀n ọ́kítéènì, tó ń sọ bí epo ṣe lè fara dà á tó kó tó bú fúnra rẹ̀ nínú sílíńdà. Ẹni tó bá gbọ́ pé RON 91 ni ìwọ̀n tí wọ́n là sílẹ̀ fún bẹntiróòlù ní Nàìjíríà á rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà wọn ọ́kítéènì, RON àti MON, ìpíndọ́gba méjèèjì sì ni Amẹ́ríkà ń kọ sára ẹ̀rọ ilé epo wọn. RON nìkan la ń lò ní tiwa. 91 tiwọn sún mọ́ 95 tàbí 96 tiwa. Báìkì tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà ń mu epo tí kò tó o láti ọjọ́ tó ti bọ́ sílẹ̀ ní èbúté. Epo tí òṣùwọ̀n rẹ̀ kéré á máa bú ṣáájú àsìkò. Kọ̀ǹpútà á gbọ́, á sì sún ìṣẹ́ná sẹ́yìn kí písítìnì má baà lu. Iná tó ṣẹ́ pẹ́ kì í tíì jó tán tí ojú ihò èéfín á ti là, ni ọwọ́ iná á bá gba páìpù lọ. Agbára dín kù, ooru èéfín pọ̀ sí i.

Ohun tó wà lọ́wọ́ yín láti ṣe sí i pọ̀ ju oògùn inú ìgò tí wọ́n fi ń gbé òṣùwọ̀n epo sókè lọ. Ẹ má fi jíà gíga pa ẹ́ńjìnì. Ẹni tó ti bọ́ sí jíà kẹfà kó tó pé 90 km/h, tí ẹ́ńjìnì ń gbọ̀n gìrìgìrì lábẹ́ rẹ̀, rò pé òun ń tọ́jú rẹ̀ ni. Ìnira ló kó bá a. Ẹ jẹ́ kó máa yí ju ìgbà 2,500 lọ ní ìṣẹ́jú kan nígbà tó bá gbé ẹrù tàbí tó ń gun òkè. Ẹ máa gbọ́ ìró lílù náà dáadáa lórí òkè: bíi kí èèyàn máa mi ìṣó nínú agolo. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, jíà kan sílẹ̀, kíá.

Ètò kan wà nínú kọ̀ǹpútà àwọn Harley ọ̀nà jíjìn tí tọ́tù wọn (ọwọ́ tí ẹ ń yí láti fún báìkì níná) ti di oníná láti 2008, tí ọ̀pọ̀ tó ni ín kò mọ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá gbóná kọjá ààlà tí báìkì sì dúró lójú kan, kọ̀ǹpútà á dá epo dúró fún sílíńdà ẹ̀yìn. Atẹ́gùn nìkan láá máa fẹ́ kọjá nínú rẹ̀. Ìró rẹ̀ á yí padà, á máa dún bí ẹni tó ń tiro. Púlọ́ọ̀gì kọ́ ló kú o. Ní kété tí ẹ bá ti fún un níná láti lọ, sílíńdà náà á padà sẹ́nu iṣẹ́. Láti tan ètò yìí tàbí láti pa á, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, ẹ yí tọ́tù síwájú kọjá ibi tó máa ń dúró sí, ẹ dì í mú bíi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta sí márùn-ún, kí ẹ máa wo iná kúrúùsì. Bó bá ṣẹ́jú ní àwọ̀ ewé, ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí kò bá dáhùn rárá, ilé iṣẹ́ tó ní kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló máa ṣí i. Lójú tiwa, òun ni ohun tó dára jù tẹ́ ẹ lè ṣe láìná kọ́bọ̀.

Atẹ́gùn ló kàn. Àwọn ike ìsàlẹ̀ tó ń bo orúnkún dára nínú òjò àti ọ̀yẹ́, àmọ́ nínú ooru wọ́n dà bí ìgbà tí ẹ pa fèrèsé ilé ìdáná dé. Bí tiyín bá ní ojú atẹ́gùn, ẹ ṣí i. Bí kò bá ní, ẹ tú wọn kúrò láti oṣù kejì títí òjò á fi dé. Ike kékeré méjì tún wà tí wọ́n ń dè mọ́ ara férémù nísàlẹ̀ ìjókòó, láti darí atẹ́gùn gbígbóná kúrò ní itan. Owó rẹ̀ kéré, iṣẹ́ rẹ̀ sì hàn.

Nínú ohun tí ẹ lè rà, fáànù nìkan ló ń kápá ooru méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà nínú họ́dọ́ọ̀pù. Wọ́n ń so ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ sílíńdà, lọ́pọ̀ ìgbà níbi tí họ́ọ̀nù wà lápá òsì, kó máa fẹ́ atẹ́gùn gba àárín ìyẹ́ irin kọjá. Ẹ má so wáyà rẹ̀ tààrà mọ́ bátìrì. Bí fáànù bá ń jẹ ámúpù 4, ẹ lo wáyà 1.5 mm², fíúsì 7.5, àti rílè (ṣíwíìṣì tí iná ń tì fúnra rẹ̀) tó ń gba àṣẹ láti ojú iná tó ń kú nígbà tẹ́ ẹ bá pa kọ́kọ́rọ́. Ìdí ni pé ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná kì í mú púpọ̀ wá ní sílò. Fáànù, rédíò àti iná iwájú ńlá lè mu bátìrì gbẹ nígbà tí ẹ ṣì wà lórí ìlà ní Sèmè.

Kúlà ọ́ìlì, ẹ̀yin tó fẹ́ràn rẹ̀, ẹ fetí sílẹ̀. Lójú ọ̀nà gbalasa ó ń ṣe bẹbẹ. Nínú họ́dọ́ọ̀pù, láìsí fáànù tirẹ̀, ọ́ìlì púpọ̀ sí i nìkan ló jẹ́. Ẹ ra èyí tó ní tẹ́mósítáàtì (ìlẹ̀kùn kékeré tí kì í là àfi tí ooru bá tó), kí ọ́ìlì tútù òwúrọ̀ má baà máa yí kiri láìgbóná tó. Ọ́ìlì tí kì í gbóná tó ń kó omi jọ. Ọ́ìlì fúnra rẹ̀, 20W-50 onísíńtẹ́tíìkì ni kí ẹ dì mọ́. Bí ooru ọ́ìlì bá fi 10°C lékún, bíi ìlọ́po méjì ló ń yára bàjẹ́ sí. Ilé iṣẹ́ ní kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní 8,000 kílómítà. Ẹni tó ń gbé inú họ́dọ́ọ̀pù, 5,000 ti tó o. Ẹ má sì rọ ọ́ kún jù. Èyí tó bá ṣẹ́kù á gba ihò èémí lọ sínú fílítà atẹ́gùn, á rin ín gbingbin, ẹ́ńjìnì á sì máa mí bí oníkọ́-ìfe.

Ó kan aṣọ ooru tí wọ́n ń wé mọ́ páìpù. Ti itan àti ojúgun ni, bí a ti sọ. Aṣọ náà fẹ̀ ní 50 mm. Fún páìpù tó nípọn ní 45 mm, tí ẹ bá jẹ́ kí ìlọ́po kan gun èkejì ní ìdámẹ́rin, mítà kan páìpù máa gba bíi mítà 4 sí 5 aṣọ. Róòlù mítà 15 á tó, á sì ṣẹ́kù. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú, torí aṣọ onígíláàsì yìí ń yún bíi wèrèpè. Ẹ rì í sínú omi kó rọ̀, kí ẹ sì wé e nígbà tó ṣì tutù. Bó bá gbẹ á fún mọ́ra. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, lápá sàlẹ́ńsà, ẹ máa bọ̀ lókè síbi orí sílíńdà, bí ẹni tó ń kan páànù òrùlé: ìlọ́po òkè ló ń gun ti ìsàlẹ̀, kí omi òjò lè ṣàn lọ láìwọnú. Ẹ fi okùn irin aláìdípẹtà dè é ní orí kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi bíi 3 cm sílẹ̀ yíká sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn (ohun tó ń yẹ èéfín wò fún kọ̀ǹpútà), ẹ má sì wé kátálíìsì rárá. Ooru rẹ̀ ti tó o, ẹ má dé e mọ́lé. Nígbà tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ tan ẹ́ńjìnì, á rú èéfín bí ẹni dáná igi tútù, bíi ogún ìṣẹ́jú. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é.

Ewu rẹ̀ ni ìpẹtà. Aṣọ náà ń mu omi òjò sára, ó sì ń fi pa páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ lára. Lẹ́yìn òjò kan, ẹ tú ibì kan wò. Bí ẹ bá fẹ́ ohun tó ń pẹ́, ẹ lo ìbòrí sẹ̀rámíìkì: wọ́n á fi yanrìn fọ páìpù mọ́, wọ́n á fi bo inú àti òde, wọ́n á sì sun ún nínú ààrò. Ọ̀dà inú agolo tí wọ́n kọ "ó ń gba ooru" sí lára kì í ṣe sẹ̀rámíìkì, kò sì dí ooru kankan lọ́nà. Yíyọ kátálíìsì kúrò pátápátá ńkọ́? Ó ń dín ooru ẹsẹ̀ ọ̀tún kù lóòótọ́. Àmọ́ ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù òfin kò gbà á lójú pópó, ẹni tó bá sì yọ ọ́ láìtún kọ̀ǹpútà epo ṣe lè sọ ẹ́ńjìnì di olóoru ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tó ń gun báìkì olómi, tiyín kúrú. Kúláǹtì àti omi dísítílì ní ìdajì sí ìdajì, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ bí ìwé báìkì ṣe wí. Fún ọ̀pọ̀ wọn ọdún méjì ni. Omi ẹ̀rọ lásán ń mú kí irin pẹtà, ó ń hó ní 100°C. Àdàlù náà, lábẹ́ ìdérí tó ń di agbára 1.1 bar mú, lè kọjá 125°C kó tó hó. Ìdí rèé tí ìdérí tí rọ́bà rẹ̀ ti gbó fi lè ṣe iṣẹ́ tí rẹdiétọ̀ jíjò ń ṣe. Ẹ má fi omi alágbára fọ ìyẹ́ rẹdiétọ̀ láti iwájú. Wọ́n á tẹ̀, atẹ́gùn ò sì ní rí ọ̀nà kọjá. Bí ẹ bá ti rọ omi tuntun, ẹ mi báìkì sọ́tùn-ún sósì pẹ̀lú ìdérí ní ṣíṣí kí afẹ́fẹ́ tó há sínú lè jáde. Ẹ jẹ́ kó wà ní sílò títí fáànù á fi tan fúnra rẹ̀. Lọ́pọ̀ wọn, yíká 100 sí 105°C ni. Bí kò bá tan, ẹ yẹ fíúsì àti rílè wò kí ẹ tó ra fáànù tuntun.

Àwọn mẹkáníìkì wa kan wà tó jẹ́ pé bí báìkì tàbí mọ́tò bá ti gbóná, tẹ́mósítáàtì ni wọ́n máa yọ sọnù. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Láìsí i, ẹ́ńjìnì ò ní tètè gbóná dé ibi tó yẹ, kọ̀ǹpútà á máa da epo sí i bíi tòwúrọ̀, ọ́ìlì á kó omi. Tuntun ni kí ẹ fi síbẹ̀. Ẹ sè é nínú omi nínú ìkòkò kí ẹ tó dè é: ó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí là ní bíi 80°C.

Fún itan yín lórí báìkì olómi, ẹ wo àlàfo tó wà láàárín rẹdiétọ̀ àti ike ìbora. Ibẹ̀ ni atẹ́gùn gbígbóná ń gbà yọ sókè. Ẹ fi fóòmù tó ń gba ooru dí i, kí atẹ́gùn lè gba ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ṣe fún un. Lábẹ́ táńkì, ẹ lè lẹ fóòmù olójú fadákà, àmọ́ ẹ fi àlàfo bíi 6 sí 10 mm sílẹ̀ láàárín òun àti ẹ́ńjìnì. Àlàfo yẹn fúnra rẹ̀ ló ń dí ooru jù. Ẹ ṣọ́ páìpù tóóró tó ń da omi òjò kúrò lẹ́nu táńkì. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ pọ̀, omi á bọ́ sínú epo.

Ìbéèrè kan wá láti ẹ̀yìn: ṣé èèyàn lè bu omi sórí ẹ́ńjìnì tó gbóná jù? Ẹ má dán an wò. Alumíníọ́ọ̀mù tó wà lóde sílíńdà àti irin tó wà nínú rẹ̀ kì í súnkì sí ìwọ̀n kan náà. Ohun tí omi òjijì ń ṣe ni kó fọ́ orí sílíńdà, kó tẹ páìpù, kó sì sán sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tí àárín rẹ̀ jẹ́ sẹ̀rámíìkì bí àwo. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ kọjú báìkì síbi tí atẹ́gùn ti ń wá, ẹ jẹ́ kí fáànù tó bá wà máa ṣiṣẹ́ ìṣẹ́jú mélòó kan tí bátìrì bá gbà á, kí ẹ sì wá ibòji jókòó sí fún bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Omi tẹ́ ẹ ní lọ́wọ́, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ mu ún.